Eré Tí A Ń Sá fún Ẹlòmíràn

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ojú tí a fi ń wo eré ọmọdé kọ́ ni a fi ń wo eré àgbà. Ọmọdé lè sáré láti ojúlé dé ojúlé láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í léèrè ohun tí ó ń lé. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá gbé ẹsẹ̀ sókè tí ó ń sáré ní kùtùkùtù, gbogbo ojú ni yóò bá a lọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé e. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú ọ̀nà ní Ìjàyè, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé àdá àti ọkọ́ lọ sí oko, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ìbéèrè náà: “Ṣé kò sí láburú?” Ẹlòmíràn lè gbé ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀ kí ó sì tẹ̀ lé e, nítorí yóò rò pé ilé kan ń jó ni, tàbí pé aboyún kan ń rọbí.

A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ìlú tí ó mọ eré burúkú ni Ìjàyè. Lẹ́yìn ikú Aláàfin Àtìbà ní ọdún 1859, Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kọ̀ láti gba Adélù Àrẹ̀mọ gẹ́gẹ́ bí ọba, nítorí àṣà ìgbà náà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ọ̀rọ̀ náà di ogun láàárín Ìjàyè àti Ìbàdàn ní ọdún 1860. Kúrunmí kú sí inú ogun náà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì bá ogun lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1862, ìlú náà fọ́, àwọn ará ibẹ̀ sì fọ́n ká. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sá lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ní ọjọ́ náà di ẹrú. Ó pẹ́ púpọ̀ kí àwọn ènìyàn tó tún padà wá tẹ ibẹ̀ dó, tí ó fi di ìlú àgbẹ̀ tí ó wà ní agbègbè Akínyẹlé lónìí.

Eré tí àlàyé yìí dá lé lórí yàtọ̀ sí èyí. Kì í ṣe eré ogun, kì í ṣe eré olè, kì í sì í ṣe eré ìje tí a fi ń gba ife-ẹ̀yẹ. Ẹni tí ń sá a yóò ti bá ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú pé, ní ọjọ́ báyìí, òun yóò sáré tó kìlómítà báyìí, òun sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ta àwọn aláìsàn kan lọ́rẹ nítorí eré náà. Ẹni tí ó ní púpọ̀ yóò ṣe ìlérí púpọ̀. Ẹni tí ó ní díẹ̀ yóò ṣe ìlérí díẹ̀. Sárésáré náà kò ní fi ọwọ́ kan kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó fi sílẹ̀ ní tirẹ̀ ni òógùn ara rẹ̀, àti ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí yóò fi kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní iṣẹ́ tí kò mọ̀ rí.

Ẹnì kan lè béèrè pé, bí ènìyàn bá fẹ́ ṣàánú, kí ló dé tí kò kúkú dá owó tirẹ̀ kí ó sì jókòó sí ilé? Ìbéèrè náà ní ọgbọ́n nínú, ṣùgbọ́n àṣà ọ̀wẹ̀ ti dáhùn rẹ̀. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ kì í nà sí abẹ́ igi kí ó máa wo àwọn tí ó bẹ̀. Òun ni ó ń kọ́kọ́ gbé ọkọ́. Bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ bá ti rí i tí ó ń làágùn, ojú yóò tì wọ́n láti dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó àánú. Ó rọrùn láti sọ fún oníbáárà pé kí ó ṣe sùúrù, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ àdúgbò tí ènìyàn ti rí lójú ọ̀nà fún oṣù méjì, nínú ọyẹ́ àti nínú ìrì.

Ẹni tí ó jẹ́ kí ayé mọ irú eré yìí jù lọ kì í ṣe ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ní. Terry Fox ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí a bí ní ọdún 1958. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tí àwọn oníṣègùn rí àrùn jẹjẹrẹ nínú eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ní ọdún 1977, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Ní ilé ìwòsàn, ó rí àwọn ọmọdé tí àrùn yìí ń bá jà, ìrora wọn kò sì kúrò ní ọkàn rẹ̀ mọ́. Ó pinnu pé òun yóò fi ẹsẹ̀ kan tí ó kù àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sáré la ilẹ̀ Kánádà já láti òkun dé òkun, kí àwọn ènìyàn lè dá owó tí a ó fi ṣe ìwádìí àrùn náà.

Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí. Nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1979, ìdajì máìlì péré ni ó sá. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń fi kún un. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ó lọ sí eré ìje kan ní ìlú Prince George. Òun ni ó gbẹ̀yìn pátápátá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀. Kò kà á sí ìtìjú. Kí ó tó gbéra ìrìn àjò ńlá náà, ó ti sáré ju kìlómítà 5,000 lọ nínú ìdánrawò nìkan. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1980, ó ti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ bọ inú òkun Àtìláńtíìkì ní ìlú St. John's, ó sì bẹ̀rẹ̀. Fún ọjọ́ 143 ni ó fi sáré, nǹkan bí kìlómítà 42 ní ojúmọ́ kan, títí tí ó fi pé kìlómítà 5,373. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án, nítòsí ìlú Thunder Bay, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kò sì lè lọ mọ́. Àrùn náà ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1981, láìpé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ṣùgbọ́n ṣáájú ikú rẹ̀, owó náà ti lé ní mílíọ̀nù 24 dọ́là, èyí tí í ṣe dọ́là kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ Kánádà kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti fẹ́. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1981 ni a ti ń sáré lọ́dọọdún ní orúkọ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ní ọdún 1981 yìí kan náà ni eré ńlá ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀. Chris Brasher àti John Disley ni ó dá a sílẹ̀. Brasher yìí ni ó ṣáájú Roger Bannister ní apá àkọ́kọ́ eré náà ní Oxford, ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1954, nígbà tí Bannister sá máìlì kan láàárín ìṣẹ́jú tí kò pé mẹ́rin, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tí ì ṣe rí. Òun fúnra rẹ̀ sì gba góòlù ní Melbourne ní ọdún 1956. Akọni bẹ́ẹ̀ ni ó lọ sí New York ní ọdún 1979, tí ó rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún akọ̀wé, olùkọ́, aránṣọ àti ìyá ọlọ́mọ tí wọ́n ń sá eré gígùn, inú rẹ̀ sì dùn sí tiwọn ju ti àwọn akọni lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1981, Lọ́ńdọ̀nù sá tirẹ̀. Joyce Smith, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì tí ó ti bí ọmọ méjì, ni ó gba ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn obìnrin. Láti ìgbà náà, àwọn tí ń sá eré yìí ti kó ju bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ jọ fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú.

Ní Nàìjíríà, eré ojú ọ̀nà Okpekpe ti ìpínlẹ̀ Ẹdó, kìlómítà 10, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013. Ti Èkó, kìlómítà 42, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2016. Láti Pápá Ìṣeré ti Surulérè ni wọ́n ti gbéra, wọ́n gba orí afárá gígùn tí ó la ọ̀sà kọjá, wọ́n sì parí rẹ̀ sí Eko Atlantic. Àwọn ọmọ Kẹ́ńyà àti Ẹtiópíà ni ó sábà máa ń kó ẹ̀bùn ńlá lọ. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó tún wà lẹ́yìn wọn tí kò retí ẹ̀bùn kankan, àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ yìí sì kàn.

Ta ni a ń sá a fún? Àìsàn pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ilé púpọ̀ ní agbègbè Ìbàdàn mọ̀ ju bí wọ́n ti ń fẹnu sọ ọ́ lọ, òun ni fòníkú-fọ̀ladìde. Olúkúlùkù ènìyàn ni ó ń gba ìpín ẹ̀jẹ̀ méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tí méjèèjì dára fún ni AA. Ẹni tí ọ̀kan dára fún tí èkejì ní àbùkù ni AS. Ara rẹ̀ le, ó sì lè dàgbà darúgbó láìmọ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan ni ewu ti wà, ìdá kan nínú mẹ́rin, pé ọmọ náà lè gba àbùkù ní ìhà méjèèjì, kí ó sì jẹ́ SS. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí à ń bí ní Nàìjíríà lọ́dún tó 150,000. Àwọn hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ó yẹ kí ó rí roboto, a máa tẹ̀ bí dòjé tí a fi ń gé koríko. Wọn a há sí inú òpó ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a dí ọ̀nà, ìrora eegun a sì dìde. Dókítà James Herrick ti ìlú Chicago ni ó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn ní ọdún 1910. Ní ọdún 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nínú ohun tí ó pọ́n ẹ̀jẹ̀ lójú gan-an ni àbùkù náà wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí àwọn ará ìgbàanì kọ lára tí wọ́n pè ní àbíkú, àwọn onímọ̀ gbà pé àìsàn yìí ni ó pa wọ́n.

Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Fálùsì ti Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó gba ẹ̀yẹ L'Oréal àti UNESCO fún àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ọdún 2001, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí a ń jogún, òun ni ó sì dá ẹgbẹ́ Sickle Cell Hope Alive Foundation sílẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Sickle Cell Society ti wà láti ọdún 1979, àwọn ènìyàn sì máa ń sá eré ńlá ibẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Ohun tí owó ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe ohun àràmàǹdà: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, oògùn tí ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára tí aláìsàn ń lò lójoojúmọ́, oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà dìde, àpò ẹ̀fọn, owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Nǹkan kékeré ni wọ́n lójú olówó. Bí wọ́n bá wọ́n ní ilé àgbẹ̀, ọmọ lè kú.

Ìdí kan tún wà tí eré fi yẹ àìsàn yìí ju ijó tàbí àsè lọ. Bí ọmọ SS bá sá eré líle nínú oòrùn, tí omi ara rẹ̀ gbẹ, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ jí ìrora náà. Ẹsẹ̀ tí ó lè sáré ni ó ń sá a fún èyí tí a ní kí ó rọra.

Ó wá ku bí ẹni tí kò sáré rí yóò ti ṣe é. Ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe eré rárá. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ni. Kí wọ́n wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń ru, kí wọ́n béèrè bóyá ó ní ikọ́ fée, kí ó sì mọ̀ bóyá AA ni tàbí AS. Ẹni tí ó jẹ́ AS lè sáré, ṣùgbọ́n kí ó mu omi dáadáa, kí ó má ṣe bá ẹnikẹ́ni figagbága nínú ooru, kí ó sì dúró lójú kan náà bí iṣan rẹ̀ bá ń dùn ún tí ara rẹ̀ sì rọ̀ lójijì.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé asáré tuntun a máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Kí ó tó dé ìgbà tí ó yẹ kí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbóná, yóò ti gbé ọwọ́ lé orúnkún, yóò máa mí gúlegúle, yóò sì pinnu nínú ara rẹ̀ pé Ọlọ́run kò dá òun fún eré. Irọ́ ni. Iṣan ẹsẹ̀ ń jo oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí ààrò ti ń jo igi, iná kì í sì í jó dáadáa láìsí afẹ́fẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń fa afẹ́fẹ́ náà wọlé, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé e, ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri. Bí ẹsẹ̀ bá yá ju bí àwọn mẹ́ta yìí ti lè ṣiṣẹ́ lọ, ara a tún máa jo oúnjẹ ní ọ̀nà mìíràn tí kò nílò afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kì í pẹ́ tí í fi tán. Nítorí náà, ìyára tí ó tọ́ fún ẹni tuntun lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi máa tì í lójú.

Báwo ni a ó ti mọ ìyára náà? Àwọn tí ń kọ́ni ní eré ní gbogbo ayé sọ pé kí sárésáré lè sọ̀rọ̀ geere bí ó ti ń sáré. Ní Ìjàyè, kò sí ìdí láti wá ọ̀rọ̀ sọ, nítorí ìkíni wà. Ọmọ tí ó bá sáré kọjá lára àgbà láìkí i, yóò gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Bí ó bá lè sọ pé, “Ẹ káàárọ̀ o, ìyá. Ṣé dáadáa ni ẹ jí? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ìrìn o, Ọlọ́run á jẹ́ kí oko gbè yín,” tí ó sì sọ ọ́ tán láìdúró mí, eré rẹ̀ bá a mu. Bí ó bá dé “ilé ńkọ́” tí èémí gé e, kí ó rọra. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé orí ló fi mi sí ìyá náà, ó ti yá jù, ó sì ti ya aláìlẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú.

Ní ọdún 1996, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Josh Clark to ètò kan tí ó rọrùn fún àwọn tí kò sáré rí. Ìyá rẹ̀ tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún wà lára àwọn tí ó rò kí ó tó kọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni ènìyàn ń sáré láàárín ọ̀sẹ̀ kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, lẹ́yìn tí ó bá ti fi ìṣẹ́jú márùn-ún rìn kánkán, yóò sáré fún ìṣẹ́jú kan, yóò rìn fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀, yóò tún sáré, yóò tún rìn, títí ogún ìṣẹ́jú yóò fi pé. Díẹ̀díẹ̀ ni ìrìn yóò máa dín kù. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ karùn-ún, yóò sáré fún ogún ìṣẹ́jú láìdúró. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tí kò ní aago lè fi òpó iná ṣe òdiwọ̀n: kí ó sáré dé òpó kan, kí ó rìn dé èkejì. Òpó náà wúlò fún èyí bí iná kò tilẹ̀ sí. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá le jù, kí ó tún un ṣe. Ètò náà kì í ṣe òfin ìjọba.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin ni ewu gidi máa ń dé, ó sì ń dé nítorí pé nǹkan ń lọ dáadáa. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró a máa tètè kọ́ iṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èémí ti ń tó. Ṣùgbọ́n eegun, àti okùn líle tí ó so iṣan mọ́ eegun, akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í tètè gbọ́ ni wọ́n. Oṣù púpọ̀ ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó le. Asáré tuntun yóò wá rò pé òun lè ṣe ìlọ́po méjì, ojúgun rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún bí ẹni tí a fi igi nà. Ìsinmi nìkan ni oògùn rẹ̀. Níhìn-ín, ọmọ àgbẹ̀ ní láti ṣọ́ra ju ọmọ ìlú ńlá lọ. Ẹni tí ó kọ ebè láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán ní ọjọ́ Sátidé kò sinmi, bí kò tilẹ̀ sáré, kò sì yẹ kí ó ka ọjọ́ náà mọ́ ọjọ́ ìsinmi.

Ní ti bàtà, a máa ń gbọ́ ìtàn Abebe Bikila, ọmọ ogun ilẹ̀ Ẹtiópíà, tí ó sáré kìlómítà 42 ní Róòmù ní ọdún 1960 láìwọ bàtà, tí ó sì gba góòlù ní wákàtí méjì, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 16. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lásán ti mọ́ ọn lára tipẹ́; ní Tokyo ní ọdún 1964, bàtà ni ó wọ̀, ó sì tún gba góòlù. Akùfọ́ ìgò kò mọ akọni. Kánfáàsì tí ó bá ẹsẹ̀ mu, tí kò fún ọmọ ìka, ti tó. Bàtà àlòkù tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kò tí ì jẹ dára ju tuntun tí ó fi owó aláìsàn rà lọ.

Kí ó sáré ní ọwọ́ òsì ọ̀nà. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti ń wa ọkọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni ẹlẹ́sẹ̀ ti lè rí ọkọ̀ àti ọ̀kadà tí ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Kí ó wọ aṣọ funfun ní ìdájí. Ní ìgbà ọyẹ́, bí eruku bá pọ̀, kí ó fi eré sílẹ̀ ní ọjọ́ náà. Kí ó má ṣe jẹ àmàlà tán kí ó sì gbéra; ẹ̀kọ mímu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó fún òwúrọ̀, omi sì ṣe pàtàkì ju méjèèjì lọ.

Ọjọ́ kan wà láàárín ọ̀sẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ jọ sáré, ní ọjọ́ náà ni kí ẹni tí ó lọ́ra jù máa ṣáájú, kí àwọn tí ó yá máa tẹ̀ lé e. Èyí a máa bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin nínú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó bá fi ẹni tí ó lọ́ra sílẹ̀ lẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní rí i ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, gbogbo ìlérí tí àwọn ará ilé rẹ̀ ti ṣe yóò sì bá a lọ.

Owó ni ó ṣòro ju eré lọ. Ẹgbẹ́ tí ó bá ṣìnà nínú eré yóò ní ẹsẹ̀ dídùn. Èyí tí ó bá ṣìnà nínú owó ti ba ọ̀nà jẹ́ fún gbogbo ẹni tí yóò tún tọrọ fún aláìsàn ní ìlú náà fún ogún ọdún. Kí a kọ orúkọ olúkúlùkù àti iye tí ó ṣe ìlérí sínú ìwé kan, kí ẹni tí ó ṣe ìlérí sì rí i bí a ti ń kọ ọ́. Ẹni méjì ni kí ó máa lọ gba owó pọ̀, kí wọ́n sì fúnni ní rìsíìtì lójú ẹsẹ̀. Kí owó wọ báńkì, kí ó má sì lè jáde láìsí ọwọ́ ènìyàn méjì tí kò bá ara wọn tan. Aṣọ ẹgbẹ́, omi àti oúnjẹ ọjọ́ eré, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ni kí ó dáwó rẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ níbi púpọ̀ pé aṣọ tí a kọ orúkọ àìsàn sí yóò gba owó tí ó pọ̀ ju èyí tí aláìsàn rí lọ. Orúkọ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ ní ọjà ni a mọ̀, a kò sì ní kọ ọ́ sí ibí.

Kí a má sì ṣe dárúkọ ọmọ aláìsàn kankan ní gbangba kí àánú lè ṣe àwọn ènìyàn. Ọmọ náà yóò dàgbà, yóò fẹ́ wá iṣẹ́, yóò fẹ́ gbéyàwó tàbí lọ ilé ọkọ, nínú ìlú kan náà.

Ní ọjọ́ eré, kìlómítà 5 ti tó fún ẹgbẹ́ tuntun: kí wọ́n sáré jáde ní ìlú tó kìlómítà méjì àbọ̀, kí wọ́n yípo ní ibi tí omi wà, kí wọ́n sì padà. Ẹni tí kò bá lè sá a tán, kí ó rìn ín. Ìlérí kò bàjẹ́. Kí ẹnì kan tí ara rẹ̀ le máa bá ẹni tí ó gbẹ̀yìn rìn títí dé òpin. Kí a ka iye ìlérí sí etí gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí a sì gba gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí ìlérí tí ó bá tutù a máa di àríyànjiyàn. Nígbà tí a bá gba ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tàbí ilé ìwòsàn tí a gbé owó náà fún, kí a kà á ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ààfin.

Itan sárésáré yóò máa dùn ún ní ọjọ́ kejì, pàápàá bí ó bá fẹ́ jókòó lórí àpótí. Kí ó má ṣe sùn sílé. Ìrìn jẹ́jẹ́ ni ó ń tú iṣan, nítorí náà kí ó gbé ìwé rìsíìtì, kí ó pe ẹnìkejì rẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ilé tí ó sún mọ́ wọn. Àwọn tí ó wà ní abúlé lè dúró di ọ̀tunla.